Òkúta Oyèníran Tí Mo Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Ẹ̀yin ará ìjọ, àti ẹ̀yin ọmọ Màmá Margaret tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, bí mo bá tún pa ẹnu mọ́ lónìí, ọ̀rọ̀ yìí á bá mi wọ sàréè. Èmi Láyí tí mo ń ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí mo ń mú àlejò káàkiri inú rẹ̀, èmi ni mo mọ ibi tí òkúta Oyèníran wà.

Ẹ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe máa ń ti Yaba wá wo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté Mẹ́ta nítorí pé ó ti pẹ́. Màá fi gíláàsì aláràbarà hàn wọ́n, màá fi àga ìwàásù hàn wọ́n. Bí wọ́n bá gbójú sókè, tí wọ́n ní, "Bàbá, ta ló kan òrùlé tó rẹwà tó báyìí?" màá ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni. Oyèníran káfíńtà rélùwéè ni, bàbá tó bí Màmá Margaret. Ìjọ kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta funfun kan, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mi ò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ yẹn kà dáadáa.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́jọ́ Ìkórè, ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìdílé Oyèníran. Margaret, ọmọge ni nígbà náà, ó ní, "Ìyá eléèédú, ẹ dìde. Ẹ ò rí orúkọ tó wà lára ẹ̀ ni?" Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó dìde. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló dúró sí títí wọ́n fi ka oore-ọ̀fẹ́. Kí ọdún tó yí, òun ti gbàgbé. Èmi tí wọn ò lé dìde ni mi ò gbàgbé.

Nígbà tí a ń kun ṣọ́ọ̀ṣì, mo yọ òkúta náà. Mo ní kí Àmúsà bíríkìlà fi ṣe àtẹ̀gùn ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, kí ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Àmúsà ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ òkú mà ni. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí gan-an ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Mo ní, "Ṣé ìwọ ni fíkà wa ni? Po sìmẹ́ńtì ẹ."

Ó pò ó. Fíkà tuntun kò mọ òkúta náà rí. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti kú, àwọn tó kù ò sì fọkàn sí i.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Màmá Margaret kó yín wá, tọmọ tọmọ-ọmọ, kí ẹ wá rí orúkọ bàbá rẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ògiri káàkiri. Ó ní, "Ibí ló wà. Láyí, sọ fún wọn." Mo wò ó lójú. Mo ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí." Fúnlọ́lá, ìwọ lo fà á lọ́wọ́, o ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ sinmi." Láti ìgbà náà lẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ ò jẹ́ kí ó dáná mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣàánú mi, inú mi dùn.

Nígbà tí àìsàn wá dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá fún mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lè dìde, ilé rẹ̀ ni mo gbà lọ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé orí mi pé nígbà náà?"

Mo ní, "Ó pé, Màmá."

Ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Má bẹ̀ mí. Lọ sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ mi."

Mo ti sọ ọ́ o. Ẹ lọ hú òkúta náà. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí, ẹ kọ́kọ́ lọ dá kọ́kọ́rọ́ màmá yín padà fún un.