Ọmọ Tó Sá Di Mí

Sàláwà, ìyáálé mi, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà lẹ́wọ̀n ní Bouaké, ìlú àwọn elédè Faransé, níbi tí adájọ́ ní kí n wà títí di ọjọ́ ikú mi. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ níwèé, tí gbogbo àdúgbò Koko ń pè ní Mètírẹ́ẹ̀sì, olùkọ́, ọmọ kú sí mi lọ́wọ́.

N kò bímọ. Nígbà tí a jọ wà nílé ọkọ, Sàláwà dúró láàárín agboolé, ó ní, "Ẹni tí kò bí kò mọ ọmọ í wò." Ọkọ wa gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Mo kó jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi lọ.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí Ràṣídá, ọmọ-ọmọ Sàláwà, tó wá kan ilẹ̀kùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Bàbá rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò níléèwé kó lè máa bá ìyàwó tuntun pàtẹ aṣọ lọ́jà. Bó bá kọ̀, pàṣán ni.

"Mètírẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí mo lè máa gbé. Wọ́n ní ẹ kì í lé ọmọ."

N kò bi í pé ta ló wí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwa tí a ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, bí ọmọ bá sá di àgbà, àgbà náà á ránṣẹ́ sílé rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀: "Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi, ẹ fi sùúrù wá." Mo sì mọ ilé tí ìjọba ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, mo ti mú akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀ rí. Wọ́n á pe òbí, wọ́n á bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ilé náà kò bá ṣe é padà sí, wọ́n á wá ìdílé tí yóò gba ọmọ náà. N kò ránṣẹ́, n kò sì mú un lọ. Mo ní kí Sàláwà sunkún díẹ̀ ná.

Ó dé lọ́jọ́ kejì. "Ìyàwó, ǹjẹ́ o rí Ràṣídá?"

"Ìyáálé mi, níbo ni màá ti rí i? Ẹni tí kò bí, ṣé ó mọ ọmọ í wò?"

Ó tẹrí ba, ó lọ. Ràṣídá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó sáré wọlé. "Ìyá Àgbà nìyẹn. Mo fẹ́ bá wọn lọ."

"Bàbá rẹ ń dúró níta pẹ̀lú pàṣán," mo parọ́. Nígbà tí kò dákẹ́, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ibà dé. Ó ní kí n gbé òun lọ sọ́sípítù. Wọ́n á bi mí pé ọmọ ta ni, nítorí náà àgbo ni mo fún un, mo sì ń ti ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà ló ń pè títí ó fi dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ilé bá le mọ́ yín, ẹ jáde. N kò ní kí ẹ dúró jìyà. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ wà lọ́dọ̀ òun, ẹ sá fún un, bó ti wù kó kàwé tó. Ẹ̀yin tí ẹnìkan sì ṣẹ̀, ẹ má fi ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀san.

Sàláwà wá wò mí lẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Mo ti to èébú kalẹ̀ dè é. Kò jókòó. Ó ní, "Ìyàwó, èmi ni mo rán an sí ọ. Mo ní bí bàbá rẹ̀ bá tún mú pàṣán, kó sáré wá bá ọ, pé ẹnu rẹ korò, ṣùgbọ́n o kò lè fìyà jẹ ọmọ. O ní o kò rí i, mo sì gbà ọ́ gbọ́."