Twi Ni Mo Fi Kígbe

“Màmá, Àǹtí Ràbíátù ò kúkú gbọ́ Twi. Kí ló dé tí ẹ fi Twi kígbe sí i?”

Ọmọ mi obìnrin, Mémúnà, ló bi mí bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní, nígbà tí gbogbo wa jókòó ti oúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kò fi ìbínú béèrè, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ojú mi, ó tún wo abọ́. Ìyá ọkọ mi ní, “Ìwọ ọmọ yìí, gbé òkèlè ẹ mì, gbogbo ọ̀rọ̀ àgbà kọ́ là ń dá sí.” Ọkọ mi gbìyànjú láti tún un ṣe, ó ní ẹ̀rù ló ba Màmá, pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà kì í ráyè yan èdè. Ọmọ náà mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò gbà. Èmi wá ńkọ́? Mo bu omi mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ nínú ilé yìí pé mo yan èdè lọ́jọ́ náà, pé ojú mi là sílẹ̀ kedere nígbà tí mo yàn án?

Kùmásí níbí, ní Ghana, ni wọ́n bí mi sí, ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ń ta ìṣó àti àgádágodo lọ́jà. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Bàbá mi tó sin bàbá tirẹ̀ sínú ilẹ̀ yìí, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún un. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi ni wọ́n fi ti àbúrò ìyá mi tó fẹ́ ọkọ ará ibí. Àbúrò ìyá mi di orí mi ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ, ó ní, “Láti òní lọ, Akosua lò ń jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ Yorùbá sí ọ níta, má yíjú.” Mo kọ́ bí a ti ń ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ìlú rọlẹ̀, àwọn èèyàn wa ń padà dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo délé ọkọ, mo bímọ, ṣùgbọ́n Akosua kò bọ́ lára mi. Nínú ilé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mò ń kírun, mò ń kí àgbà bó ṣe yẹ. Bí mo bá ti dé Krofrom níbi iṣẹ́, mo di ẹlòmíràn tó ń sọ Twi, èdè àwọn Asante tó ni ìlú.

Iṣẹ́ ọṣẹ ni. Maame Yaa, obìnrin Asante kan, ló ni ibẹ̀, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ la ti ń se é. Ní àwọn ọdún náà, ọṣẹ wọ́n ní Ghana débi pé èèyàn á tò láti àárọ̀ nítorí ọ̀pá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń gé ọṣẹ, nígbà tó pé ọdún mẹ́rin, Maame Yaa fi mí ṣe olórí gbogbo àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mọ́kànlá. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá mọ̀ pé àlejò ni mí, ta ni yóò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu? Mo bá pa ara mi dé. N kì í bá wọn jẹun pọ̀. Bí wọ́n bá ń fi Alatafo ṣe yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. N kì í kírun níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń san án nílé. Bí mo bá wọlé, gbogbo ẹnu á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀wọ̀ ni. Òmùgọ̀ èmi!

Ìgbà náà ni Ràbíátù dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá fún ọkọ rẹ̀ tó ń ta wọ̀sìwọ́sì ní àdúgbò Aboabo. Ìlà ilé bàbá mi gan-an ló wà lójú rẹ̀. Kò gbọ́ Twi, Hausa rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Maame Yaa gbà á síṣẹ́ kó máa fi bébà di ọṣẹ, ọwọ́ la sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí odi. Èmi náà, ọwọ́ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀! Ní àràárọ̀ á kúnlẹ̀ kí mi, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ìyá olójú líle. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò ní pa yín.” Ó dá a lójú pé n kò gbọ́. Èmi á fi Twi dá a lóhùn, n ó sì yára yíjú kúrò kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kan, mo bá a lẹ́yìn ibi tí a ń to ọṣẹ sí, ó ń sunkún. Ó rí mi, kò sì dákẹ́, nítorí kí ló kan ẹni tí kò gbọ́? Ó ní, “Ọlọ́hun, n ò tọrọ owó. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí O fún mi níbí yìí, tí n ó máa bá sọ̀rọ̀.” Mo dúró níwájú rẹ̀ gbọnrangandan. Mo na aṣọ ìnujú sí i, mo sì kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti búta fún yín. Ike tí a fi ń bu omi sódà ló fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Omi sódà yìí, èyí tí a fi ń se ọṣẹ, bó bá ti tutù, ó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹran ara. Ọ̀kan nínú wa tó ń jẹ́ Esi sáré lọ sọ́jà, ó ra búta, ike ẹlẹ́nu gígùn yẹn, ó ní yóò rọrùn láti fi dà. Esi kì í ṣe Mùsùlùmí, ike lásán ni lójú tirẹ̀. Mo ní ó dáa. Nígbà tí a rọ omi sódà sínú rẹ̀ tán, mo pe gbogbo wọn jọ, mo fi Twi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn mi orí. Ràbíátù tó wà lẹ́yìn wọn, tí kò rí búta náà, mi orí pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo èèyàn ń mi orí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ kó mọ̀ pé Mùsùlùmí tó bá rí búta lẹ́bàá ògiri, omi àlùwàlá ni yóò pè é? Ṣé Esi ni? Èmi tí wọ́n bí sínú zongo, tí mo ti ń rọ omi sí búta fún bàbá mi láti kékeré, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e síbẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Maame Yaa mú àlejò mẹ́ta wá, àwọn ọlọ́jà ńlá tó fẹ́ máa ra ọṣẹ wa. Ó ń fi mí yangàn, ó ń sọ pé, “Akosua mi rèé, òun ló mú kí ibí dúró.” Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí Ràbíátù lẹ́bàá ògiri. Ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ti gbé búta. Yorùbá ló kọ́kọ́ dé ẹnu mi. Ẹ gbọ́ mi o, òun ló kọ́kọ́ dé! Gbé e sílẹ̀! Ó wà lórí ahọ́n mi, mo mọ bó ṣe wúwo tó. Mo wo ojú àwọn àlejò yẹn, mo sì gbé e mì. Mo wá kígbe pé, “Gyae! Fa to hɔ!” pé kó dúró, kó gbé e kalẹ̀. Ràbíátù gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó tẹ orí ba bí ẹni tí a kí, ó sì bu omi náà sójú láti fi ṣan òógùn kó tó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá rẹ̀.

Igbe tó ké kò tíì kúrò létí mi. Mo gbé korobá omi, mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ń da omi lé e lójú. Gbogbo Yorùbá tí mo ti tì pa láti ọjọ́ yìí wá tú jáde: “Má fọwọ́ nu ún! Má nu ún! Gbìyànjú kí o lajú, jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́!” Ọmọbìnrin yìí, nínú oró yẹn, dá igbe dúró. Kò lè lajú. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ojú mi, ó ní, “Ta nìyẹn? Ta ló ń sọ̀rọ̀ ilé?” Mo tún da omi lé e. Esi ló ń sunkún pe “Sista Akosua, Sista Akosua,” orúkọ yẹn nìkan ni Ràbíátù dá mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bà mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní, “Ìyá olójú líle? Ẹ gbọ́ Yorùbá?”

Àwọn dókítà rí ojú ọ̀tún rẹ̀ gbà là. Ti òsì fọ́. Nígbà tí mo ń tọ́jú rẹ̀ lórí ibùsùn, ó sọ fún mi, kò sì bínú, pé inú òun dùn nígbà tí òun rí búta náà. “Mo rò pé ẹnì kan ti kíyè sí i pé mò ń kírun, ló bá gbé omi síbẹ̀ dè mí.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, n kò lè gbé e mọ́. Mo pe àwọn obìnrin náà àti Maame Yaa jọ, mo ní Akosua kọ́ lorúkọ mi, mo ní Sìlífátù ni wọ́n sọ mí, ọmọ Yorùbá ni mí, mo ní kí wọ́n gba ipò wọn. Mo rò pé ilẹ̀ á mì. Esi nu ojú rẹ̀, ó ní, “Sista, a mọ̀. Ẹ máa ń kúnlẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ Maame Yaa. Asante wo lẹ rí tó ń kúnlẹ̀?” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àgbà inú wọn, Maame Afriyie, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tí kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, kí la fẹ́ sọ fún un? Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbí, àárín ara wa la ti ń tún un ṣe, a kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́.” Maame Yaa ló wá sọ èyí tó pa mí. Ó ní, “Oṣù kejì tí o dé ni mo ti mọ̀. Nígbà tí mo gba ọmọ yẹn síṣẹ́, mo ní ó dáa, Akosua á máa bójú tó èèyàn rẹ̀.”

Kò gba ipò náà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, nǹkan yí padà. Mò ń bá wọn jẹun nínú abọ́ kan. Mò ń tẹ́ ẹní mi kírun níbẹ̀. Ìkìlọ̀ kankan kì í jáde lẹ́nu mi kí n má sọ ọ́ ní èdè gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, kí n sì ní kí kálukú tún un sọ fún mi. Bí ìkòkò bá sán, wọ́n á wá pè mí kí ó tó jò. Àṣírí ilé ọkọ wọn pàápàá, wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Maame Yaa fẹ́ ṣí ibòmíràn sí Aboabo, ó fẹ́ kí n jẹ́ olórí rẹ̀, obìnrin márùn-ún sì ní àwọn á tẹ̀ lé mi nítorí pé olóòótọ́ ni mí. Ràbíátù fúnra rẹ̀ ń padà bọ̀ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní, “Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni, ọkàn mi balẹ̀.”

Olóòótọ́! Gbogbo wọn gbọ́ Twi tí mo fi kígbe, gbogbo wọn sì gbà pé ìpayà ló fà á. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì. Mo fún wọn ní orúkọ mi, mo fi ẹ̀ṣẹ̀ mi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn kò sọ fún mi pé èyí tí a kò jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu rárá lè fọ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, bí omi bá ti kan ìpéǹpéjú mi, ọwọ́ mi á dúró lófuurufú, n ó gbọ́ ohùn yẹn: ta ló ń sọ̀rọ̀ ilé? Ìgbà mìíràn, mo máa ń fi omi kan ahọ́n kí n tó fọ ojú.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣe olórí níbi iṣẹ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Àwọn tí ẹ ń darí mọ̀ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ, ibi tí ẹ bá ti sá pamọ́ fún wọn, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan á ti ṣe ẹlòmíràn. Àfi kí ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ lọ bá Ràbíátù lọ́la, kó tó di pé ó tún wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Ṣé òun nìkan ni kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì fún, àbí kí ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo àwọn obìnrin náà, àbí wọ́n á ní mò ń fi òtítọ́ wá ìyìn? Bí ó bá ní òun kò fẹ́ rí mi mọ́, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mi, ṣé kì í ṣe pé mo tún ṣe é níbi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn? Ẹ bá mi rò ó. Lílọ ni n ó lọ ṣá. Mémúnà ni n ó mú dání, kí n má baà rí ibi yẹ̀ sí lójú ọ̀nà.

Ìyá ọkọ mi ti dẹ́kun ikọ́ tó ń hú nínú yàrá rẹ̀. Ọkọ mi ti yí ojú sí ògiri, ó ti ń hanrun. Mémúnà ló pẹ́ jù, ó jáde wá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ẹní, ó ń wo bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ó ti sùn lọ báyìí, ó di etí ìró mi mú, n kò sì fẹ́ fà á yọ.