Intafíù Orí Ebè

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ tíṣà, nínú mọ́tò tó ń ti Ṣakí lọ Ìsẹ́yìn, mo jókòó sẹ́yìn bàbá àgbẹ̀ kan àti nọ́ọ̀sì kan tí wọn ò mọra rí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, máàkì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ń wò. Intafíù ò ju kí wọ́n rí ojú ọmọ lọ."

"Ti ọmọbìnrin tèmi kọ́. Ẹni tó ti kàwé jáde níbẹ̀ rí ni wọ́n ní kó wá yẹ̀ ẹ́ wò, oko ló sì bá wa. Mo ṣe bí alágbàṣe tí mò ń retí ni. Mo gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́."

"Ẹ̀yin bàbá yìí! Ó wá kọ ebè?"

"Ó kọ mẹ́ta. Ọmọ mi náà ò mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ebè yín kéré, iṣu ò ní ríbi ta sí.' Ó sì fọwọ́ wọn bó ṣe yẹ kó ga tó hàn án."

"Ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn."

"Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ẹni tó bá lè tọ́ àgbà sọ́nà tí inú ò sì bí àgbà, tíṣà ti nìyẹn."

Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí.