Àwọn Ihò Tí Mo Dí Nínú Irin Mujeebat

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2025, ọmọ mi Bàṣírù kú lójú ọ̀nà Ìwéré-Ilé. Gbogbo Ṣakí ló gbà pé irin tí Mujeebat ṣe ló pa á. Irọ́ ni. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo ba irin náà jẹ́. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà mí.

Mujeebat, ọmọ àbúrò mi, ń ṣe ìwádìí irin ní yunifásítì. Òun ló gbé irin méjì wá, kí n dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú ọkọ̀ akérò méjì, ti Bàṣírù àti ti Jẹ́ẹ́dé, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí bí afárá oyin, kìkì ihò. Ó ní ṣe ni wọ́n yọ́ irin náà, tí wọ́n mú un tutù wàrà kí inú rẹ̀ má baà ráyè tò bíi ti irin yòókù. Ó wá dà bí dígí nínú, ó sì le ju irin lásán lọ. Bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, àwọn ihò náà ni yóò máa wó tẹ̀ léra, tí agbára ìkọlù yóò fi tán kí ó tó kan awakọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀tì nìkan ni kí ẹ fi dè é. Ẹ má jẹ́ kí iná kàn án rárá."

"Mo ti gbọ́."

Wẹ́dà ni mí. Nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fi ihò sílẹ̀ lójú irin, ọ̀lẹ ni. Ládòkun, tí a jọ wà ní ìsọ̀ kan náà, bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá Bàṣírù, ilé agbọ́n lẹ fẹ́ gbé kọ́ ọkọ̀ ọmọ yín nímú? Ẹ̀yin náà la sì ń pè ní wẹ́dà!" Ojú tì mí. Mo tan ẹ̀rọ, mo dí gbogbo ihò náà pa, mo kùn ún lọ́dà. Agbéraga ni mí. Mo rò pé mo tún iṣẹ́ ọmọdé ṣe ni.

Bàṣírù kọ lu tírélà kan tó kó kajú, tó dúró sójú títì. Irin náà kò wó, ó fọ́ yángá bí àwo. Iná mi ti ba ẹ̀dá rẹ̀ jẹ́: inú rẹ̀ ti ráyè tò padà, ó ti di ohun tó ń tètè fọ́. Mo sáré ṣa àwọn àfọ́kù rẹ̀, mo dà wọ́n sí kànga gbígbẹ.

Mujeebat wá kúnlẹ̀ lágbàlá wa. "Bàbá, èmi ni mo pa Bùrọ̀dá mi. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe." Èyí ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe: mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ọlọ́run yóò dá ẹ lẹ́jọ́." Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Irin kejì wà lára ọkọ̀ Jẹ́ẹ́dé. Mo ti dí ìyẹn náà. Bí mo bá gbọ́ fèrè rẹ̀, ṣe ni mo máa ń sáré jáde wò ó, síbẹ̀ n kò lè kìlọ̀ fún un láìjẹ́wọ́. Lánàá, Àwáwù, opó Bàṣírù, gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ níwájú ọkọ̀ yẹn, wọ́n ń lọ sí Irawo. "Bàbá, ó dìgbà tí a bá dé o!" Mo juwọ́ sí wọn. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mo jókòó sí títí wọ́n fi dé. N kò lè ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Jẹ́ẹ́dé, má tan ọkọ̀ yẹn. Tú irin náà kúrò ná. Mujeebat, foríjì mí, kí o sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà, ohun tí wọ́n bá ní kí iná má kàn, ẹ má fi iná kàn án.

Ohun tí Bàṣírù fi sílẹ̀ rèé: ìyàwó kan, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ eyín, oko pákí tí a kò tí ì ro, fìlà méjì, bàtà rọ́bà kan, ṣẹ́ẹ̀tì kan tí Àwáwù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀.