Ohun Tí Ìyá Lasmini Sọ Tí N Kò Kọ

Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, dókítà pàápàá kò fi bò mọ́. Gbogbo ìlú Pekalongan ló gbà pé omi òkun ló pa ilé iṣẹ́ bátíkì wa, níbi tí a ti ń fi ìda àti aró ṣe ọnà sára aṣọ. Irọ́ ni. Èmi Suroto, ọ̀gá àwọn aláró, ni mo pa á, bírò ni mo sì fi pa á.

Nígbà tí Màdáàmù Retna gba ipò bàbá rẹ̀ tó ni ilé iṣẹ́ náà, ó ní òun nìkan kò ní í pinnu ibi tí ilé iṣẹ́ ń lọ fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀. Ó fẹ́ kí a kó ibi ìrẹṣọ lọ sí etí òkun, níbi tí àyè ti pọ̀, ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ó ní kí n bá àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Ó sì ti ṣèlérí pé bí a bá lọ, èmi ni n ó di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi.

Ìyá Lasmini, tó ti ń rẹ aṣọ láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, wá jókòó síwájú mi. Ó ní, "Ọ̀gá Suroto, ẹ bá mi sọ fún Màdáàmù pé ká má lọ o. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dọọdún ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń rì. Ibi tí ìyá mi ti ń sá ìrẹsì, ẹja ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Bí àyè ò bá gbà wá, ẹ jẹ́ ká ra ilẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí." Ó ṣàlàyé títí ife tíì tó wà níwájú rẹ̀ fi tutù. Mo ń mi orí sí i. Mo sì kọ ọ́ pé, "Mo fara mọ́ ọn." Ìkà ni mí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo ka ohun tí mo kọ fún Ìyá sókè. Màdáàmù bi í pé, "Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?" Ẹ̀rù ò bà mí. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dójú ti èèyàn láwùjọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn wá, a máa ń gbé e mì ni. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé gan-an nìyẹn. Ìyá wò mí, ó tẹríba, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́; bí ẹni tí wọ́n bí sí etí òkun bá gbà, ta ni yóò tún kọ̀?

Lọ́dún kẹta tí a kó lọ, omi dé orúnkún wa, kò sì padà. Aró, ìda, aṣọ tó kù díẹ̀ kó dọ́jà, gbogbo rẹ̀ bómi lọ. Obìnrin mọ́kànlélógójì ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lánàá, Ìyá wá kí mi, ó gbé témpè dání, ẹ̀wà sóyà dídì tí wọ́n fi ewé wé, tó ń tà kiri báyìí. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ń bó ewé kúrò lára témpè náà lọ ní tirẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ṣebí ẹ ò mọ̀wé."

"N ò mọ̀wé, ṣé n ò lójú ni? Mo sọ̀rọ̀ títí ife tíì mi fi tutù, bírò yín ò kọjá ìlà kan. Mo ní kí n má dójú tì yín." Ó gbé témpè náà sínú àwo fún mi. "Ó yẹ kí n ti dójú tì yín. Mo ti forí jì yín ní tèmi. Ẹ wá àwọn ogójì yòókù lọ."

Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, ẹ̀yin lẹ ó bá mi lọ. Ẹ sọ fún wọn pé omi kọ́, èmi ni. Kí ẹ sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí mo ṣe rán yín gẹ́lẹ́, kí ẹ má ṣe gé e kúrú.