Ọ̀rá Tí Wọ́n Wé Mọ́ Ẹ̀rọ Gáàsì

Sátidé tó kọjá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ohun tí mo fẹ́ torí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, nílé wa ní Plateau. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀. Ohun tí mo fojú ara mi rí nìkan ni màá sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ láti Kútọnu, ìlú ńlá orílẹ̀-èdè wa níbí, èyí tó máa ń ké bí gáàsì bá ń jò. Mo ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Gáàsì inú ìgò máa ń wálẹ̀ ni, kì í lọ sókè, nítorí náà ìsàlẹ̀ ògiri ni mo kàn án mọ́, kò sì sún mọ́ ìdáná jù. Ṣùgbọ́n ìyá mi fi ọ̀rá wé e.

Mo ní, "Màmá, kò ní lè gbóòórùn kankan báyìí."

Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tuntun, kí eruku ìgbálẹ̀ wá bà á jẹ́? Ìwé lo kà, o ò gbálẹ̀ rí."

Bí mo bá ṣí i, wọ́n á tún wé e.

Ní Sátidé yẹn, mo ṣí ọ̀rá náà, mo fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń dán an wò. Ó ké. Mo gbọ́wọ́ kúrò, ó dákẹ́. Bí mo ṣe ń dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké fúnra rẹ̀.

Màmá ní, "O ti bà á jẹ́ tán."

Wọ́n ti mú ìṣáná lọ́wọ́. Òórùn irú tí wọ́n bò sí kọ̀rọ̀ ti gba gbogbo ilé ìdáná, a ò lè gbóòórùn mìíràn. Mo rò ó pé bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. "Jésù" nìkan ni mo lè pè. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ṣé èmi lo dì lọ́wọ́ mú?"

"Ẹ foríjì mí, Màmá. Ẹ má ṣáná. Ẹ jẹ́ ká jáde."

Wọ́n ju ìṣáná sí mi lọ́wọ́. Mo yí ẹnu ìgò gáàsì pa, mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mi ò fọwọ́ kan iná mànàmáná, a sì jáde sí àgbàlá. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, mo gbé ìgò náà síta, mo ṣí i díẹ̀, mo fi ìfófòó ọṣẹ pa tiyó rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí gáàsì ń gbà lọ sí ìdáná. Ó ń hó níbi tó ti sán.

Mi ò lè búra pé ilé ìbá jó. Mi ò mọ bí gáàsì tó jò ṣe pọ̀ tó. Mi ò sì mọ ohun tó mú mi lọ nu ẹ̀rọ náà ní ìrọ̀lẹ́, torí àárọ̀ ni mo máa ń nù ún. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, Òun ni mo fi ògo fún.

Ẹ bá wa yọ̀. A ti ra tiyó tuntun, mo fi ọṣẹ pa á, kò hó. Ní àárọ̀ yìí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí Màmá fi ṣáná. Iná náà tàn jẹ́jẹ́, wọ́n sì gbé ìkòkò kaná.