Ampilifáyà Lọ́dọ̀ Wa, Sípíkà Lọ́dọ̀ Wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìyá mi kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o," bí ẹni ń kí àlejò tó ṣìlé yà. Ẹ gbà mí! Ìyá tó bí mi lọ́mọ ló ń fi "ẹ" kí mi, nínú ilé kan ṣoṣo tí a jọ ń gbé ní Ìpọ̀nrí! Ohun tó fà á kò ju ẹ̀rọ sídíì àtijọ́ kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ sún mọ́ mi, kí n rò ó fún yín.

Káfíńtà ni bàbá mi ní Mùṣin, ìyàwó méjì ló sì fẹ́. Ìyá Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ni ìyáálé, ìyá tèmi ni ìyàwó. Kò sí ohun tí bàbá fẹ́ràn tó ẹ̀rọ orin rẹ̀: ampilifáyà kan tó ń dán bíi fàdákà, sípíkà méjì tó ga dé ìbàdí mi, àti ẹ̀rọ sídíì tó bá ampilifáyà náà mu bí ìbejì. Bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, gbogbo ọmọ á jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀. Àwọn ìyá wa méjèèjì, tí wọ́n ti ń di kùnrùngbùn síra wọn láti àárín ọ̀sẹ̀, á dìde, wọ́n á jó pọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ sídíì bàjẹ́. Kí bàbá tó rí òmíràn tó bá ampilifáyà rẹ̀ mu, ọlọ́jọ́ dé.

Àwọn àgbà ẹbí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti pín ogún. Ìdí-igi ni wọ́n fi pín in gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, àwọn ọmọ ìyáálé lápá kan, àwa ọmọ ìyàwó lápá kejì. Wọ́n pín ilé, wọ́n pín irinṣẹ́, ó wá kan ẹ̀rọ orin. Olórí ẹbí wò ó, àpótí ló rí. Ó ní, "Àwọn tó ga wọ̀nyí, ti Káyọ̀dé àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí tó ń dán yìí, ti àwọn ọmọ ìyàwó. Ó tán." Ẹ wò ó! Ta ní ń pín odó fún ẹnì kan, kó pín ọmọ odó fún ẹlòmíràn? Àwa ọmọ mọ̀ pé kò bójú mu, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń retí kí n yọ̀ǹda tèmi, èmi náà ń retí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ̀ǹda nǹkan kan.

"Máa gbé e lọ," ni Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé wí. "Bó o bá tàn án, máa wo iná rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbé sípíkà yín," ni mo dáhùn. "Ẹ fi ṣe àga."

Ẹyin lohùn. Èmi àti ìyá mi kó lọ sí Ìpọ̀nrí. Láti ọjọ́ náà, Mùṣin jìnnà sí Ìpọ̀nrí ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Lọ́dún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ sídíì. Mo wá a káàkiri Yábàá, títí ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀ fi pè mí lórí fóònù pé, "Àǹtí, ìkejì ampilifáyà yín ti dé o!" Mo sáré lọ. Òun náà ni! Ó so ó mọ́ ampilifáyà àti sípíkà tirẹ̀, orin jáde. Ó wá bi mí:

"Sípíkà wo lẹ máa lò?"

"Mo ní. Èyí tó ga."

"Ó wà nílé?"

"Ó wà ní Mùṣin."

"Kí ló ń ṣe ní Mùṣin?"

"Ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wò mí lọ wò mí bọ̀. "Àǹtí, mo ní sípíkà tí mo lè tà fún yín o."

"Mi ò fẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Kì í ṣe orin ni mo ń wá. Bó bá ṣe orin ni, fóònù mi ń kọrin. Ohun tí mo máa gbé dání dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wá, nítorí ta ló lè fi ọwọ́ òfìfo kan ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ ní títì? Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Mo sọ fún ìyá mi pé ọjà ni mò ń lọ. Mo gbé ampilifáyà àti ẹ̀rọ sídíì sínú ọkọ̀, ó di Mùṣin. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ojú mi, ó wo ẹrù mi.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ sídíì ni mo rà. Ó bá ampilifáyà bàbá mu."

Mo rò pé ó máa pa ilẹ̀kùn dé. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọlé. Àga wà o. O ò ní jókòó lórí sípíkà."

Aṣọ funfun ló fi bo àwọn sípíkà náà, ekuru kò sí lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló so wáyà. Nígbà tí orin bú jáde, ìyá rẹ̀ ti inú yàrá fọ̀pá tilẹ̀ bọ̀. Mo kúnlẹ̀, kò tilẹ̀ wò mí, ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

"Ìyàwó mi dà?"

Mo ní wọ́n wà nílé. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti tú wáyà ampilifáyà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé a tún fẹ́ pín in ni?" Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ìyá mi gbọ́ nìyẹn, tó ní mo gbé ogún ìdí-igi wa fún ọmọ orogún òun.

Síbẹ̀, gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń lọ. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, bí mo ti ń bọ́ bàtà, ìyá mi sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

"Ìyáálé mi ṣì ń jó?"

"Orí àga ni wọ́n ti ń jó, mà. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"Kò mọ̀ ọ́n jó tẹ́lẹ̀ náà," ló wí, ó wọ yàrá. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀!

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi ni, àbí kí ìyáálé fúnra rẹ̀ wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ? Àbí kí n kàn gbé báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí n ní, "Màmá, ó yá"? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Àwọn ìyá wa méjèèjì ti dàgbà, mo sì fẹ́ kí wọ́n jọ gbọ́ orin náà.